Àlùfáà Tí Wọ́n Ṣì Pè

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Màmá Dorothy ní kí wọ́n bá òun pe àlùfáà, Humairah wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó ń tú apá bùbá kan tí ó rán sódì. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun òrùlé Erunmu bọ̀ ni. Ó ń tàn sára àwọn páànù tó ti dípẹtà, ó sì sọ gbogbo wọn di aláwọ̀ oyin, débi pé Humairah gbàgbé abẹ́rẹ́ sọ́wọ́, ó ń wòran. Òun náà mọ̀ pé ìran wíwò yìí kan náà ló jẹ́ kí òun rán apá aṣọ sódì.

Láti ọjọ́ Ajé ni ara Màmá kò ti yá. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó máa ń jí gbálẹ̀ ojúlé rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàìbàì ni ojú rẹ̀ ń ríran mọ́, òun ló wá dùbúlẹ̀ gbalaja nínú yàrá, tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora méjì. Ẹ̀kọ mímu pàápàá kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí i. Humairah nìkan ló wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni Humairah kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ayálégbé ni. Oṣù keje nìyí tí ó ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ dé láti Olódò, tí ó gba yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, Màmá bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní Humairah. Màmá ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Màmá ní kí ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ pé. "Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n pè dáadáa ni," ni ó wí. Humairah rò pé bóyá bí àwọn tíṣà àtijọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nítorí tíṣà ni Màmá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Humairah." Ohùn Màmá já wá láti yàrá, ó tín-ín-rín bí òwú.

Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bá mi pe àlùfáà. Ohun kan wà láyà mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó lọ. Mi ò fẹ́ gbé e dé iwájú Olúwa mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá. Ẹ ò níí kú."

"Mi ò bi ọ́ bóyá màá kú tàbí mi ò níí kú. Àlùfáà ni mo ní kí o pè."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́rí gba ọ̀nà ibòmíràn nìyí. Ní agboolé tí wọ́n bí Humairah sí ní Olódò, àlùfáà kan ṣoṣo ló wà láyé, ẹni tó wé láwàní, tó ń jókòó sórí ẹní awọ àgbò. Àwọn Onígbàgbọ́ ní pásítọ̀, wọ́n ní wòlíì, àwọn ìjọ Àgùdà ní fádà. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé àwọn ìjọ tí Màmá ń lọ, àlùfáà ni wọ́n ń pe tiwọn náà, pé ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú Ìwé Mímọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ilé méjì ló ń gbé, ilé kan péré ni Humairah sì ti bá a pàdé.

Ṣé Màmá fẹ́ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni? Ní ọgọ́rin ọdún, lórí àìsàn? Ó rántí ìtàn oríṣiríṣi nípa àwọn tí Ọlọ́run ṣí lójú ní àṣálẹ́ ayé wọn, omi sì lé sí i lójú. Ó gbé fóònù, ó pe Àlùfáà Ishaq, ẹni tó kọ́ ọ ní kéwú ní Olódò láti kékeré.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Erunmu. Ìyá onílé mi ní kí n pè yín. Ara wọn ò yá, wọ́n lọ́rọ̀ í sọ."

"Ìyá onílé rẹ tó jẹ́ Onígbàgbọ́?"

"Àwọn náà ni."

"Ó dáa. Àìsàn ò mọ ẹ̀sìn. Mò ń bọ̀."

Kò pé wákàtí kan tí ọ̀kadà fi já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Jàlàmíà funfun ló wọ̀, láwàní funfun ló wé. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì máa ń ṣẹ̀fẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ilé ìyá Onígbàgbọ́ ni òun wọ̀, nítorí náà kò fi Lárúbáwá kí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," ni ó wí. "Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà."

Màmá gbójú sókè. Funfun ni ó rí, funfun náà sì ni ó ń retí. "Ẹ ṣé tí ẹ tètè dé, Bàbá. Ohùn yín há, òtútù ti mú ẹ̀yin náà. Ẹ jókòó." Ó na ọwọ́ wá Humairah. "Ìwọ náà, má jáde. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tún gbọ́ ọ, kí n má baà sẹ́ ẹ bí ara mi bá yá."

"Ọdún kejìlá nìyí tí mi ò ti jẹ Oúnjẹ Olúwa. Bí ẹ bá bi mí, màá ní orúnkún ló ń dùn mí, mi ò lè rìn dé ibi pẹpẹ. Irọ́ ni. Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan."

Pẹpẹ. Oúnjẹ Olúwa. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bọ́ sí Humairah létí bí òkúta méjì sínú kànga, ó sì mọ ohun tí òun ṣe lójú ẹsẹ̀. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì. Ó wo Àlùfáà Ishaq. Òun náà ti mọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Màmá, ẹ dákun, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀—"

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, Bàbá. Bí ẹ bá dá mi dúró báyìí, mi ò níí lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ àlùfáà padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ kọ́ni ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọsàn. Àwọn ọmọ ìmàle pọ̀ nínú kíláàsì mi. Ìtara ń gùn mí bí ẹṣin. Mo rò pé bí mo bá ti yí orúkọ wọn padà, mo ti yí ọkàn wọn padà nìyẹn. Àwọn ọmọ á sọ orúkọ wọn fún mi, èmi á kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé. Mo sọ Ràfíù di Reuben. Mo sọ Sùfíánù di Stephen. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀gá wa ló ní kí n ṣe é. Ọ̀gá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́."

Ìkọ́ dá a dúró. Humairah fún un lómi, Màmá fi kan ẹnu, kò mu ún.

"Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, Sàníù. Mo kọ ọ́ ní Joshua. Bí mo bá pe Joshua láàárọ̀, kò níí dáhùn. Á máa wò mí bí ẹni pé ẹlòmíràn tó wà lẹ́yìn òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo nà án. Ẹgba mẹ́fà, láràárọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kò dáhùn, kò sì sunkún. Ní ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò wá mọ́. Nígbà tí sáà parí, mo fi gègé pupa fa ìlà la Joshua kọjá. Sàníù ò tiẹ̀ sí nínú ìwé yẹn rárá, tí à bá fi fa ìlà lé e."

Níta, ewúrẹ́ kan ń fi ìwo ha ara ògiri.

"Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, àlùfáà tó wà ní ìjọ wa ṣáájú yín ló wàásù pé bí èèyàn bá ń mú ọrẹ bọ̀ níwájú Ọlọ́run, tó sì rántí pé ẹnì kan ní òun sínú, kí ó fi ọrẹ náà sílẹ̀ kí ó lọ bá ẹni náà parí ọ̀rọ̀. Mo ti dìde tán, mò ń lọ síbi pẹpẹ, ni mo rí ojú ọmọ yẹn kedere. Mo yí padà lọ jókòó. Mi ò tíì dìde láti ìgbà yẹn. Ohun tó kù tí mo fẹ́ láyé ni kí n jẹ Oúnjẹ Olúwa lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú. Mi ò mọ ibi tí Sàníù wà, mi ò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Àlùfáà Ishaq wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè, bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sínú koríko, pé, "Nínú kíláàsì yẹn, ṣé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Ishaq?"

"Ishaq?" Màmá ronú. "Ó wà. Ọmọ tín-ín-rín kan tó máa ń rojọ́. Mo kọ ọ́ ní Isaac."

"Èmi nìyẹn, mà."

Màmá gbìyànjú láti dìde jókòó. "Ìwọ ni?" Ọ̀wọ̀ àlùfáà ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, tíṣà ti padà dé. "O ti wá di Onígbàgbọ́, o tún di àlùfáà wa?"

"Rárá, mà. Àlùfáà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ni tèmi wà."

Humairah wólẹ̀. "Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ta ni mo ní kí o pè?"

"Àlùfáà, mà."

"Ta lo pè?"

"Àlùfáà, mà."

Ìyá tó ti tọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ sọ́nà, tó ti fi gègé pupa máàkì ìwé, tó ti kọ̀wé sójú pátákó títí eruku ṣọ́ọ̀kì fi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó wá ibi tí ìdáhùn yìí ti kùnà, kò rí i. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ jáde, ìkọ́ tẹ̀lé e, ẹkún wá dé lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn.

"Ẹ má sunkún, Tíṣà," ni Àlùfáà Ishaq wí. "Lọ́jọ́ tí ẹ sọ mí ní Isaac, mo délé, mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orúkọ kan náà ni, pé ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀, kí n lọ máa kàwé mi. Ìwé tí ẹ kọ́ mi yẹn ni mo fi ka lẹ́tà fún gbogbo Ìdí-Ọsàn, òun ni mo fi mọ bí a ti ń wá ọ̀nà nínú ìwé Lárúbáwá náà. Kò sí ọjọ́ tí mo kọ́ ọmọ ní kéwú tí mi ò rántí bí ẹ ṣe ń di ọwọ́ mi mú lórí síléètì. Èmi jẹ yín ní ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ Sàníù ló kù."

"Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà ní Ìdí-Ọsàn. Kò kúrò níbẹ̀ rí. Màmá, bí ìwé tiyín ṣe wí náà ni tiwa wí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, a lè dá kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn, àfi kí onítọ̀hún fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ti fi jì. Mi ò lè bá yín gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ Sàníù ló wà." Ó dìde. "Kí á tó sọ̀rọ̀ ikú mọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wò yín ná."

Nọ́ọ̀sì dé, ó gún un lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ fún àyẹ̀wò, ó ní ibà ni. Ibà lásán. Ó fún un ní oògùn, ó bá Humairah wí pé kò yẹ kí ó jẹ́ kí ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó ké sí òun. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, Màmá ti ń bèèrè ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó ti ń sọ pé ata rẹ̀ kò tó.

Bí agbára ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìgboyà ń jáde. Ẹ̀rù ikú ti lọ. Ẹ̀rù Sàníù ló kù. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, Àlùfáà Ishaq pè lórí fóònù pé òun ti bá Sàníù sọ ọ́, pé òun ń dúró dè wọ́n ní Ìdí-Ọsàn. Màmá jókòó sẹ́tí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Humairah, ṣé kò ní dáa ká fi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹsẹ̀ mi ò tíì balẹ̀ dáadáa."

"Ṣé orúnkún yín ni, Màmá?"

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó sọ. Ó ń retí kí òjò èébú rọ̀. Màmá wò ó, bí ojú rẹ̀ ṣe lè ríran mọ.

"Fún mi ní bàtà kejì," ni ó wí.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn gba ọ̀nà oko kòkó, eruku pupa ń dìde lẹ́yìn wọn, Màmá di ọwọ́ Humairah mú ṣinṣin. Ìdí-Ọsàn kò ju ilé mẹ́rìndínlógún lọ. Lábẹ́ ìbòòji iwájú ilé tó kẹ́yìn, Àlùfáà Ishaq jókòó sórí àpótí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bàbá kan tí apá rẹ̀ le bí igi wà, ó ń fi ọparun hun apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Bàbá náà kò gbójú sókè.

"Sàníù," ni Àlùfáà Ishaq wí, "àlejò rẹ dé."

"Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ wọn. Etí mi ò tíì di."

Humairah mú Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá náà ká gèlè rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó fi ahọ́n ra ètè rẹ̀.

"Sàníù," ni ó pè.

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí apẹ̀rẹ̀.

"Ọgọ́ta ọdún," ni ó wí. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n pè."

Màmá dìde. Kí Humairah tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti di apá bẹ́ǹṣì mú, ó ń tẹ eékún rẹ̀ sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ fò lẹ́sẹ̀ Sàníù. Ó ti gbá ìyá náà mú ní ìgbọ̀nwọ́ kí ó tó kan ilẹ̀.

"Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìyá yìí, Ishaq. Wọ́n fẹ́ pa mí. Ẹni ọgọ́rin ọdún fẹ́ kúnlẹ̀ fún èmi? Kí ni wọ́n fẹ́ kí n sọ fún àwọn ìyá mi lọ́run?" Ó gbé e padà jókòó. Ó ń mí gulegule. "Ẹ wò ó, Tíṣà. Ohun tí ẹ ṣe níjọ́sí gan-an lẹ tún fẹ́ ṣe yìí. Ohun tó bá wù yín lẹ máa ń ṣe fún èèyàn. Ẹ kì í bèèrè."

Ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ sáàárín wọn. Humairah rí i tí ojú Màmá ń yí padà, bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

"Òótọ́ lo sọ," ni Màmá wí. "Mo wá bèèrè báyìí. Kí ni orúkọ rẹ túmọ̀ sí?"

Sàníù wo Àlùfáà Ishaq, ó wo oko, ó tún wo ilẹ̀.

"Ìkejì ni. Ẹnì kan wà ṣáájú mi, ìgbóná ló mú un lọ. Ìyá mi ò jẹun fún ọjọ́ méje. Nígbà tí wọ́n bí mi, bàbá mi ní Ọlọ́run ti fún àwọn ní ìkejì, kí gbogbo èèyàn máa pè mí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa rántí pé ẹnì kan ti wà rí. Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, Tíṣà. Ẹ ò dé ilé wa rí kí ẹ tó sọ mí lórúkọ. Bí mo bá dáhùn sí Joshua yín yẹn, ta ló kù tó máa rántí ẹ̀gbọ́n mi?"

Màmá Dorothy sunkún. Kò fi ọwọ́ bojú.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ni ó wí. "Mo ṣẹ bàbá rẹ, mo ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo nà ọ́ lórí ohun tó yẹ kí n fi yìn ọ́. Sàníù, mo bẹ̀ ọ́."

"Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ní ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Sàníù tún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú. "Tiyín yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣu náà ò gbàgbé. Ishaq ní ẹ ò jẹun láti ọdún méjìlá. Mo ní ṣé èèyàn lẹni náà ni?"

"Mo ṣàlàyé fún ọ pé Oúnjẹ Olúwa ni," ni Àlùfáà Ishaq wí.

"O ò ṣàlàyé. Ìwọ náà o kì í ṣàlàyé, o kàn máa ń rojọ́."

Ẹ̀rín pa Humairah, ó fi ìborùn bo ẹnu. Sàníù rí i, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ fún mi," ni ó sọ fún Màmá.

"Kí n kọ kí ni?"

"Orúkọ mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tí ẹ kọ kò jọ ohun tí mo sọ. Mo mọ orúkọ mi kọ ní Lárúbáwá, wọ́n kọ́ mi ní ilé kéwú. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gbé ìwé wá, ìka ni mò ń tẹ̀. Mo fẹ́ rí i lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti kọ ọ́."

Kò sí bébà. Humairah tú àpò rẹ̀, ó rí ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ funfun kan níbẹ̀, ó fi sí Màmá lọ́wọ́. Wọ́n mú un lọ síwájú ilẹ̀kùn pákó ilé náà. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ pákó wò, kí ó lè mọ ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́, gàdàgbà gadagba, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń pe gbogbo rẹ̀ sókè bí ó ti ń kọ: "S. A, àmì ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀. N. I, àmì òkè. U, àmì ìsàlẹ̀. Bí èèyàn ò bá fi àmì sí i, kò tíì pè ọ́."

Sàníù bọ́ sí iwájú ilẹ̀kùn. Ó fi ìka tọ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfọwọ́ kàn án, kí ó má baà pa rẹ́. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó yí padà, ojú rẹ̀ ti tutù.

"Mo fi jì yín, Tíṣà," ni ó wí. "Níwájú Ọlọ́run tó dá èmi àti ẹ̀yin, mi ò ní yín sínú mọ́. Ọkàn mi ti fúyẹ́. Ẹ lọ jẹun yín."

Kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́, ó kó tòmátì apẹ̀rẹ̀ kan fún Màmá, ó ní kó má jẹ́ kí Humairah sè é gbẹ, pé ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó máa ń gbàgbé ìkòkò sórí iná. Inú kẹ̀kẹ́ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́, orin ìjọ, jẹ́jẹ́, títí wọ́n fi dé Erunmu. Humairah kò mọ orin náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ẹsẹ̀ kẹta, òun náà ti ń fi imú bá a gbè é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fa Màmá lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ìjọ wà níbẹ̀, Wándé, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, aṣọ funfun ló wọ̀ lóòótọ́. Màmá na ìwé ìdúpẹ́ rẹ̀ sí i, èyí tí Humairah bá a kọ, tí yóò kà níwájú ìjọ. Ó ṣí i wò, ó dúró, ó tún un kà.

"Màmá, ẹ ní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àlùfáà tí wọ́n ṣì pè. Ṣé èmi ni wọ́n ṣì pè ni?"

"Ẹ̀yin ni wọn ò pè, sà."

"Kí ló dé tí wọn ò fi pè mí?"

"Ọpẹ́ yẹn gan-an ni mò ń dá. Ẹ bá mi kà á bó ṣe wà níbẹ̀."

Ó kà á bó ṣe wà níbẹ̀. Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé nínú wọn. Humairah kò wọlé. Ó dúró lẹ́yìn ògiri, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ òórùn ewé ọsàn wẹ́wẹ́ wá. Ó rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé bí òun bá ti mọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀, bí òun bá ti mọ ilé kejì tí ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé, ẹni tí ó tọ́ ni òun ì bá pè, ẹni tó tọ́ náà ì bá gbàdúrà, ì bá lọ, Sàníù ì bá sì wà ní Ìdí-Ọsàn tí yóò máa hun apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé alhamdulilahi.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ti ń tò lọ síbi pẹpẹ. Màmá Dorothy dìde. Obìnrin kan fẹ́ dì í mú, ó mi orí. Ó ń lọ ní òun nìkan, ó ń fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá, títí ìjókòó fi tán, tó wá ku ilẹ̀ gbalasa. Ó rin ìyẹn náà. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, láìsọ pé ó dùn ún, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lé ti òsì. Nígbà tí ó yí padà, Humairah rí i láti ojú fèrèsé pé ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ. Búrẹ́dì náà kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ó tètè tán.